Ibo Ni Ẹ́ńsáìmù Ti Gé Plásímíìdì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nígbà tí a yẹ plásímíìdì bakitéríà kan (òrùka DNA kékeré), pBR322, wò nínú jẹ́ẹ̀lì (ohun dídì tí iná ń fa DNA gbà kọjá, tí ègé kékeré fi ń yára ju ńlá lọ) ní kíláàsì wa, èyí tí a kò gé yọ ìlà méjì, ṣùgbọ́n èyí tí a fi EcoRI, ẹ́ńsáìmù tí ń gé DNA, gé yọ ẹyọ kan péré. Ṣé a ṣì í ṣe ni? Báwo ni a sì ṣe ń ti ara ìlà mọ ibi tí ẹ́ńsáìmù ti gé e?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣì í ṣe rárá. Òrùka ni plásímíìdì, bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí: bí a bá já a lójú kan, okùn kan gbọọrọ ni yóò dà, àfi tí a bá já a lójú méjì kí ó tó di ègé méjì. Ibi tí EcoRI bá ti rí bésì (lẹ́tà DNA) tí ó tò bí GAATTC nìkan ni ó ti ń gé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èyí sì wà nínú pBR322, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bésì oníméjìméjì 4,361. Ní ti èyí tí ẹ kò gé, apá kan rẹ̀ ṣì lọ́ mọ́ra pinpin, ó sì ń tètè yọ́ gba inú jẹ́ẹ̀lì kọjá. Apá kejì ti tú, ó ń falẹ̀.

Fífi ẹ́ńsáìmù méjì gé e pọ̀ ni ó ń fi ipò hàn. EcoRI pẹ̀lú BamHI yóò fún yín ní ègé 377 àti 3,984. EcoRI pẹ̀lú PstI yóò fún yín ní nǹkan bí 750 àti 3,610. Síbẹ̀, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ kan náà ni BamHI àti PstI wà sí EcoRI, àfi kí a fi àwọn méjèèjì gé e pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà, ègé kékeré yóò tó nǹkan bí 375; bí EcoRI bá wà láàárín wọn, yóò tó nǹkan bí 1,130. Ègé 1,130 yìí gan-an ni jẹ́ẹ̀lì ń fi hàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yára sọ pé ègé 377 kò sí. Aró tí a fi ń rí DNA máa ń lẹ̀ mọ́ ègé gígùn ju kékeré lọ, nítorí náà bàìbàì ni ìlà rẹ̀ máa ń rí nísàlẹ̀, bí iná bá sì pẹ́ jù, yóò ti sá jáde kúrò nínú jẹ́ẹ̀lì. Ẹ máa ro gígùn àwọn ègé pọ̀ nígbà gbogbo: bí ó bá dín sí 4,361 gan-an, ègé kan ti sọnù, bí ó bá lé púpọ̀, ẹ́ńsáìmù kò tíì gé e tán.