Láti Heathrow dé ẹnu ọkọ̀ ní Southampton: ṣé kí ẹ̀jẹ́ǹtì bá wa wá mọ́tò ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A ti sanwó ìrìn àjò ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ méje lórí ọkọ̀ ojú omi, àwa àti àwọn òbí mi la jọ ń lọ. Southampton ni ọkọ̀ ti ń gbéra, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìbàdàn ni Bàbá àti Màámi ti ń bọ̀. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni a fẹ́ kí wọ́n wọ bàálù l'Ékòó, kí wọ́n balẹ̀ sí Heathrow láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Orúnkún ń dun Màámi, wọn ò lè rìn jìnnà. Ẹ̀jẹ́ǹtì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ fún wa ní ká san £65 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀, kí mọ́tò lè máa gbé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní owó yẹn ti pọ̀ jù, pé kí wọ́n ṣáà pe Uber bí wọ́n bá ti balẹ̀. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ká tó dé orí mọ́tò, ọjọ́ tí ẹ mú yẹn ni màá kọ́kọ́ bá yín fà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bàálù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n balẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n sì sùn sí Southampton.

Bí èèyàn bá kà á lórí ìwé, ti Àbámẹ́ta yẹn kò burú. Bàálù láti Èkó kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ. Ká ní ó balẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, tí wọ́n lo wákàtí méjì nídìí ìwé ìrìnnà àti ẹrù, tí mọ́tò tún lo wákàtí méjì lójú títì márosẹ̀ M25 àti M3, aago 10 ni wọ́n wà ní èbúté. Àmọ́ aago 4:30 kọ́ ni ẹ ó fi ṣírò. Aago tí ọkọ̀ ń tú okùn nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa ní wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú, nítorí náà ẹ fi aago 3 sọ́kàn. Kí bàálù wá jókòó fún wákàtí márùn-ún ní Ìkẹjà nítorí kùrukùru ọyẹ́ tàbí nítorí pé wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe. Aago 11 ni wọ́n balẹ̀, aago 1 ni wọ́n jáde, aago 3 ni wọ́n yọ sí èbúté, nígbà tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe dáńfó tí èèyàn ń sá tẹ̀lé. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ ní Southampton ní láti wọ bàálù lọ bá a ní èbúté tó kàn, èyí tó lè wà ní Sípéènì tàbí Norway. Kò sí dírẹ́bà tó lè bá yín tún ìyẹn ṣe, olówó pọ́ọ́kú ni o, olówó gegere ni o.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí há a láàárín: bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà bá ni àwọn òbí yín ń lò, tí ọkọ̀ sì máa yà sí Faransé, Sípéènì tàbí Norway, físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, pọndandan, físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí pé bí wọ́n ṣe ń padà dé Southampton ni wọ́n tún ń wọ ìlú. Nídìí ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó, wọn ò sì ní gbé ẹni tí kò bá ní in.

Ó kan £65 wàyí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ẹ̀jẹ́ǹtì ni pé: ṣé bọ́ọ̀sì àjọwọ̀ ni àbí mọ́tò àwọn nìkan? Bọ́ọ̀sì àjọwọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá owó lé lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Á dúró de àwọn tí bàálù wọn kò tíì balẹ̀, á sì máa yà káàkiri. Mọ́tò tí èèyàn dá gbà, orí mọ́tò ni owó wà, bó jẹ́ ẹnì kan, bó jẹ́ ẹni mẹ́fà. Nítorí náà £65 fún Bàbá, £65 fún Màámi, £130 ni ní àlọ, £260 ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ mọ́tò méjì tàbí mẹ́ta tó ní láísẹ́ǹsì, ìkan ní Southampton gan-an, torí àwọn ará ibẹ̀ ló ń lọ Heathrow tí wọ́n ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ béèrè iye tí mọ́tò odindi jẹ́, pẹ̀lú owó ibi ìgúnlẹ̀ àti owó ìdúródeni nínú rẹ̀. Bí iye tí wọ́n dá bá sún mọ́ £130, ẹ̀jẹ́ǹtì yín kò ré yín jẹ. Ká ní ẹ̀yin mẹ́fà lẹ jọ ń ti Heathrow lọ ni, tí wọ́n sì ń ka orí, £390 nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ti máa ní kí ẹ sá.

Kí ni ẹ̀jẹ́ǹtì wá fi ju dírẹ́bà tí ẹ fúnra yín pè lọ? Ẹni tí wàhálà máa já lé lórí ni. Ní Bìrìtéènì, òfin ìrìn àjò àpapọ̀ ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó bá ta àwọn nǹkan ìrìn àjò pọ̀ ní àdéhùn kan ló gbọ́dọ̀ rí i pé gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn náà wáyé. Bí mọ́tò bá wà nínú àdéhùn kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ àti bàálù, tí dírẹ́bà kò wá, tàbí tí bàálù pẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ta àdéhùn náà ni ẹ ń lọ, ojúṣe rẹ̀ ni láti wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n tiyín kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ra ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fẹ́ ta mọ́tò lọ́tọ̀ lé e. Bí mọ́tò yẹn bá ní rìsíìtì tirẹ̀ àti àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀jẹ́ǹtì kàn bá yín pe dírẹ́bà ni, kò gbé ẹrù kankan kúrò lórí yín. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ímeèlì, bóyá ó lè fi mọ́tò kún àdéhùn ọkọ̀. Bó bá lè ṣe é, ẹ san án. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ pe mọ́tò fúnra yín.

Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ̀jẹ́ǹtì lè má dárúkọ: bọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń gbéra ló sábà máa ń ṣiṣẹ́, kò wúlò fún ẹni tó dé lọ́jọ́ kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù yín bá ti le débi pé kò ṣeé yí kúrò ní Àbámẹ́ta, òun ni màá mú, torí pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ á mọ̀ pé àwọn èrò òun ṣì wà lójú ọ̀nà. Ti ọkọ̀ ojú irin, kò sí èyí tó lọ tààrà láti Heathrow sí Southampton. Bọ́ọ̀sì National Express wà, ibùdókọ̀ ló máa já wọn sí, wọ́n á tún wá tasín débi tí wọ́n ń lọ. Pẹ̀lú orúnkún Màámi, ẹ gbàgbé ìyẹn.

Uber ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bàbá á fi fóònù tí síìmù Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ wá íntánẹ́ẹ̀tì, á fi káàdì náírà sanwó, á wá wa ẹrù kọjá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí dírẹ́bà dúró sí, nítorí Heathrow kì í jẹ́ kí mọ́tò dúró de èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Iye owó náà sì ń gòkè ń sọ̀ pẹ̀lú èrò. Èyí tó burú jù ni pé bí wọ́n bá dúró tí wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì, ẹnì kan á sún mọ́ wọn, á ní, “Taxi, sir?” Kí wọ́n má dá a lóhùn. Ní England, mọ́tò aládàáni tó ń gbé èrò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn ti pè ṣáájú. Ẹni tó ń pe èrò nínú gbọ̀ngàn ń rú òfin, ìbánigbófò rẹ̀ kò sì ní bò wọ́n bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Táásì dúdú tó tò síta bófin mu, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ sọ iye dé Southampton kí wọ́n tó wọlé.

Bí ẹ bá wá ń pe mọ́tò fúnra yín, ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni ọjọ́. Bàálù kúrò l'Ékòó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù á kọ Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀, dírẹ́bà á lọ Heathrow ní wákàtí mẹ́rìnlélógún kí wọ́n tó dé, á gba owó rẹ̀, á kọ “èrò kò yọjú”, á sì padà sílé. Ọjọ́ tí wọ́n ń balẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi nọ́ńbà bàálù sí i, kí dírẹ́bà lè máa fi íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀ ọ́. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago Èkó àti ti London jọ ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn London fi wákàtí kan pẹ́ sẹ́yìn. Aago London ni ẹ ó fún dírẹ́bà.

Ẹ má pe mọ́tò sí ìṣẹ́jú tí bàálù ń balẹ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kì í kọjá ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń tò sí, ẹrù sì tún wà láti dúró dè. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ sí i. Ẹ béèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ni dírẹ́bà á fi dúró lọ́fẹ̀ẹ́, àti ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú náà: nígbà tí táyà bàálù kan ilẹ̀ ni, àbí aago tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù? Ìdáhùn méjèèjì yìí ni owó ìdúródeni ń sá pamọ́ sí. Ẹ san àfikún kí dírẹ́bà wọlé wá pẹ̀lú pátákó tí orúkọ Bàbá wà lára rẹ̀, bí orúkọ náà ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gan-an. Àga onítáyà fún Màámi, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ni ẹ ti ń béèrè rẹ̀, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Òṣìṣẹ́ á tì wọ́n láti ẹnu bàálù títí dé gbọ̀ngàn tí dírẹ́bà wà. Tọ́kọ̀ ojú omi yàtọ̀, ẹ tún gbọ́dọ̀ béèrè ìyẹn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀.

Ẹrù ńkọ́? Bí bàálù bá fún wọn ní báàgì 23kg méjì-méjì, báàgì ńlá mẹ́rin nìyẹn, yàtọ̀ sí ti ọwọ́. Bùùtù mọ́tò kékeré kì í gbà ju ńlá méjì lọ. Dírẹ́bà á dé, á wo ẹrù, á mi orí, ẹ̀yin á sì san owó mọ́tò kejì. Mọ́tò ìjókòó mẹ́fà ni kí ẹ pè, kí ẹ kọ iye báàgì sí i. Gàrí àti èlùbọ́ tí Màámi kó wá, inú bùùtù yín ni kó wà nígbà tí ẹ bá pàdé, yàrá inú ọkọ̀ kò láyè fún un. Kí wọ́n má di kílíṣí tàbí ẹran gbígbẹ o, kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Southampton, gbọ̀ngàn ọkọ̀ márùn-ún ló wà: Queen Elizabeth II, Ocean, City, Horizon àti Mayflower. Ẹnu ọ̀nà èbúté tí wọ́n ń pè ní Dock Gate 4 ni wọ́n ń gbà wọ méjì àkọ́kọ́. Mẹ́ta yòókù wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ sì jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ju ohun tí èèyàn ń ru ẹrù rìn lọ. Ẹ má kọ “Southampton port” fún dírẹ́bà kankan. Orúkọ gbọ̀ngàn àti postcode tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ, torí wọ́n máa ń yí ọkọ̀ láti gbọ̀ngàn kan sí òmíràn. Láti òtẹ́ẹ̀lì dé ibẹ̀ láàárọ̀ Àbámẹ́ta kò jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá gúnlẹ̀, táásì máa ń wọ́n bí ojú. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ ti pè é. Àárọ̀ Àbámẹ́ta náà ni kí ẹ so lébẹ́lì ọkọ̀ mọ́ báàgì, kì í ṣe ní Ìbàdàn, kí bàálù má fà á ya. Àwọn alágbàrù á gba báàgì lẹ́bàá mọ́tò, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá. Ìwé ìrìnnà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dígí ojú, ọwọ́ ni kí gbogbo ìyẹn wà.

Àbọ̀ ló kù. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ ní ìdájí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tú èrò sílẹ̀, láti nǹkan bí aago 7:30. Àwọn tó ń lo àga onítáyà máa ń dúró díẹ̀. Ẹ pe mọ́tò sí aago 10, kí bàálù wọn má sì jẹ́ èyí tó ń gbéra kó tó di aago 3 ọ̀sán. Bó bá jẹ́ ti àárọ̀ nìkan ló wà, kí wọ́n bá yín lọ Leeds, tàbí kí wọ́n sùn nítòsí Heathrow. Kí gbogbo yín pa dátà fóònù yín nínú ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi kan ilẹ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù orí omi máa ń jẹ owó bí iná. Nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà dírẹ́bà àbọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti aago tó ń bọ̀ sórí bébà, kí ẹ fi ọ̀kan sápò Bàbá, kí ẹ fi ọ̀kan sínú pọ́ọ̀sì Màámi.