Ìbàdàn sí Ìlọrin lórí kẹ̀kẹ́: ra táyà 28, kó o sì ṣọ́ra fún wáyà

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, o ní ọ̀gá tó ń ta kẹ̀kẹ́ ní kó o ra táyà 23 (ìbú ẹ̀ ní mìlímítà nìyẹn) torí òun ló ń sáré, ẹnìkan ní 28, ẹnìkan tún ní tubeless, táyà tí kò ní túùbù nínú, ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Ra 28. Tí kẹ̀kẹ́ rẹ bá gba 32, ra 32. Má dá ọ̀gá yẹn lóhùn.

Irú ìmọ̀ràn yẹn máa ń bí mi nínú gan-an torí 23 náà ni wọ́n tà fún mi nígbà tí mo fẹ́ gba ọ̀nà yìí kan náà, wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn inú ẹ̀ dé PSI 120 kó le gbagidi, pé bí àwọn tó ń díje ní Yúróòpù ṣe ń ṣe nìyẹn. Irọ́ ni. Àwọn tó ń gun Tour de France gan-an ti fi 23 sílẹ̀ tipẹ́, 28 ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn báyìí, àwọn mìíràn ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ títì tiwọn dán. Tí táyà bá le jù lórí títì tó rí págunpàgun, ńṣe lá máa ta ẹ́ sókè, agbára tó yẹ kó gbé ẹ síwájú á bá gbígbọ̀n yẹn lọ, kó o tó dé Ọ̀yọ́ ọwọ́ ti kú, ẹ̀yìn ti ń ro ẹ́. Ẹni tó ń tajà ò ní bá ẹ dé Ọ̀yọ́ ṣáà.

Láti Mọníyà dé Fìdítì dé Ìlọrà, mi ò rí wàhálà kankan. Ìgbà tí mo kọjá Ọ̀yọ́ tí mo dorí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lojú mi rí màbo. Tírélà ló ni ọ̀nà yẹn. Tí táyà tírélà bá bẹ́, wáyà tí wọ́n fi hun inú ẹ̀ á já wẹ́wẹ́, á fọ́n sí etí títì, ibi tí oníkẹ̀kẹ́ ń gbà gan-an. Wáyà yẹn tín-ín-rín bí irun, o ò lè rí i látorí kẹ̀kẹ́, kò sì ní ṣe táyà mọ́tò ní nǹkankan, àmọ́ táyà 23 tó fẹ́lẹ́ yẹn, wọlé báyìí ni. Tẹ̀yìn ló kọ́kọ́ jò. Mo pààrọ̀ túùbù, mo fẹ́ ẹ, mo gùn díẹ̀, ó tún jò. Mo ti kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán títí mo fi rí fọganáísà kan, ó la táyà wò, ó ní kò sí nǹkankan níbẹ̀, ó wá gbé irin tó fi ń jó túùbù mọ́tò, ó dè é mọ́ túùbù mi, ó ṣáná sí i. Túùbù kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́, kò lè gba iná yẹn, ó yọ́ mọ́ irin lójú mi. Mo ń pariwo, ó ní kí n fara balẹ̀, pé iṣẹ́ òun ni. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi, mo fi súlúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́ fúnra mi, ó gbé mi díẹ̀, ó tún jò. Omi ti tán. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà rí mi tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, wọn ò bi mí pé kí ló ṣe ẹ́, risíìtì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n ní ta ló rán mi wá sójú ọ̀nà tírélà. Wáyà yẹn kún ilẹ̀ níwájú ibi tí wọ́n dúró sí, kò sẹ́ni tó gbá a. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Bàbá àgbàlagbà kan, fọganáísà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbà mí. Kò tiẹ̀ wo inú táyà. Ó já òwú díẹ̀, ó rọra fi ń nu inú táyà yípo, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí òwú fi há síbì kan. Ojú ò rí nǹkankan níbẹ̀. Ó tẹ táyà síta, ṣóńṣó wáyà yọ orí, ó fi ẹmú fà á. Gbogbo túùbù mi, òun ló ń gún wọn.

Nítorí náà, tí táyà bá jò, má wulẹ̀ ki túùbù tuntun bọ̀ ọ́. Wá ohun tó gún un. Nígbà tó o bá ń wọ táyà, jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ṣe déédéé ẹnu túùbù, ibi tí ihò bá wà lára túùbù á júwe ibi tí wàá wò lára táyà fún ẹ. Mú òwú dání, mú ẹmú kékeré dání. Túùbù méjì ó kéré tán. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kan túùbù rẹ, súlúṣọ̀n àti páàṣì ló máa gbà.

Táyà tó ní ààbò lábẹ́ ni kó o rà. Gatorskin ti Continental lèmi ń lò, 28, ó le díẹ̀ lára, tí òjò bá rọ̀ mo máa ń rọra yà ní kọ́nà. Marathon Plus ti Schwalbe ní rọ́bà tó nípọn mìlímítà 5 lábẹ́, wáyà á jìyà kó tó gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ ó wúwo, wàá mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ tó o bá ń gun òkè. GP5000 ti Continental ń sáré lóòótọ́, mi ò ní gbé e gba ọ̀nà yẹn. Kó o tó sanwó, tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà, tó bá ti ń ya wẹ́wẹ́ ó ti gbó nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ì báà jẹ́ tuntun nínú páálí. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó rẹ ká, fi tuntun síwájú. Ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù jù, òun ló ń tètè jẹ, àmọ́ tí tiwájú bá bẹ́ lórí eré, ilẹ̀ ló máa gbé ẹ lọ.

Atẹ́gùn: ẹni tó bá tó kílò 75, bíi PSI 75 lẹ́yìn, 70 níwájú fún táyà 28. Má kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà, tí ríìmù rẹ bá jẹ́ hookless, ìyẹn èyí tí etí ẹ̀ kò ní ìkọ́ tó ń di táyà mú, PSI 72 lòpin. Ẹ̀rọ àwọn fọganáísà ò ní wọ ẹnu túùbù kẹ̀kẹ́ eré, ra idẹ kékeré (adapter) tí wọ́n ń dè mọ́ ọn, kò wọ́n. Kó o sì dúró tì wọ́n, torí ẹ̀rọ mọ́tò lè bẹ́ túùbù kó o tó ṣẹ́jú.

Tubeless ńkọ́? Oje tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀ máa ń dí ihò wáyà dáadáa. Àmọ́ ooru wa ń tètè gbẹ oje yẹn, tí táyà bá ya, ọwọ́ lásán ò lè tún un fẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, túùbù náà lo máa padà fi sí i. Tó o bá ń dá lọ, túùbù ni.

O ní tòkúnbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ rẹ. Ó dáa kó o wo ẹ̀gbẹ́ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí kó o tó ra ohunkóhun. Tó o bá rí 622 níbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ríìmù ní mìlímítà, ra 28-622. Tó bá jẹ́ 630, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nìyẹn, táyà 622 ò ní wọ̀ ọ́ láéláé, oníṣọ́ọ̀bù á sì tà á fún ẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn àti àlàfo tó wà láàárín táyà àti bíréèkì, fi wọ́n síbí, mo máa sọ fún ẹ bóyá 28 á gba abẹ́ ẹ̀.