Ìkòkò wà lórí iná, orí kẹsàn-án kò tíì parí

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Mo ka ohun tí ẹ kọ: pé ẹ ti kọ ìtàn ìfẹ́ yín dé ìdajì, pé oúnjẹ alẹ́ ni kì í jẹ́ kí ẹ ráyè fún ìyókù, pé ẹnì kan ní kí ẹ máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí, àti pé ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kúkú máa ra oúnjẹ títí ìwé náà yóò fi parí. Ẹ tún béèrè bóyá ó yẹ kí ọkọ yín máa ka orí kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ọkùnrin ni mí o, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, èmi ni mo máa ń wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìtàn ìfẹ́ ni mo ń kọ jẹun, èmi náà ni mo sì ń dáná. Ojú mi ti rí nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ti aago mẹ́rin ìdájí yẹn kúrò nílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹni tí oorun ń kùn lè kọ gbólóhùn tó gún, àmọ́ ìfẹ́ kì í sí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ń jí nídàájí, ṣe ni àwọn olólùfẹ́ inú ìtàn mi ń kí ara wọn bí ẹni tó pàdé lórí ìlà ní báǹkì. Tí ara yín bá máa ń jí fúnra rẹ̀, ẹ dán an wò. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sun oorun yín.

Mo ti wá àyè kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó gbà pé kò sí àyè kankan tó ń dúró dè mí níbì kan. Ilé tí èèyàn bá ń gbé, ebi á máa pa wọ́n níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkàn mi ni mo wá ń ṣọ́ báyìí: iṣẹ́ wo ló ń gbà á, èwo ni kì í gbà á. Iṣẹ́ ilé ìdáná kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló ń fẹ́: ẹ̀wà ṣíṣà, ọ̀dùnkún bíbó, ewébẹ̀ fífọ̀, ìyẹ̀fun búrẹ́dì pípò. Òmíràn ń fẹ́ ojú, kò sì gbọdọ̀ rí ẹ̀yìn yín: epo gbígbóná, wàrà tó fẹ́ hó, ṣúgà tí ẹ ń yọ́. Òmíràn kò tilẹ̀ bèèrè yín: ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ẹran tí a fi èròjà pa lára tí a gbé sínú fíríìjì mọ́jú. Ìwé kíkọ náà ní tirẹ̀. Ríro ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn inú ìtàn máa sọ yàtọ̀ sí kíkọ ìran tuntun, kíkọ ìran tuntun sì yàtọ̀ sí àtúnṣe. Gbogbo wàhálà mi nígbà náà kò ju pé mò ń so èyí tí kò bá ara wọn mu pọ̀.

Tí ọwọ́ nìkan bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu àti ọkàn ṣófo. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn mi. Ẹ sì mọ̀ pé nínú ìtàn ìfẹ́, òǹkàwé ti mọ ibi tí a ń lọ kó tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà, Romance Writers of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ohun méjì péré ni wọ́n ní ó ń sọ ìwé di ìtàn ìfẹ́: kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jẹ́ òpó tó gbé ìtàn náà ró, kí ìparí rẹ̀ sì tẹ́ni lọ́rùn, kó ní ìrètí. Nígbà tí òǹkàwé ti mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra, kí ló ń dá a dúró tí kò fi gbé ìwé sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín wọn ni. Bí ó ṣe sọ ọ́, bí ẹnìkejì ṣe ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yá mi lórí àga. Nídìí kárọ́ọ̀tì tí mò ń gé ni mo ti ń gba ẹnu obìnrin sọ ọ́, tí mo tún ń gba ẹnu ọkùnrin fèsì, sókè ketekete. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀. Àwọn aládùúgbò ni wọn kò mọ̀, mi ò sì tíì rí ojú ṣàlàyé fún wọn.

Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ nígbà yẹn. Ọwọ́ tó ti kan epo kò ṣeé fi kọ̀wé, ọ̀rọ̀ tó dùn kì í sì í dúró kí a fọwọ́ tán. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹni tó ń sọ ìwé rẹ̀ lẹ́nu kì í ṣe òǹkọ̀wé, ẹ sọ fún un pé Barbara Cartland, obìnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣaláìsí ní 2000, kọ ìwé tó lé ní 700, akọ̀wé rẹ̀ ló sì máa ń pe ọ̀rọ̀ fún láti kọ sílẹ̀. Àwa ò ní akọ̀wé. Fóònù wà.

Tí nǹkan bá ń hó jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọmọrí, lórí iná kékeré, àtúnṣe ni mo máa ń ṣe. Ẹ lè fi àtúnṣe sílẹ̀, kí ẹ dìde lọ ro ọbẹ̀, kí ẹ padà wá bá gbólóhùn náà níbi tó wà. Ìran tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìran tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ara wọn, ìjà tó tú wọn ká, ìfẹnukonu àkọ́kọ́: ẹ má kọ ọ̀kankan nínú wọn nígbà tí iná ń jó. Ọjọ́ tí irú ìran bẹ́ẹ̀ bá kàn, ohun tí mo ti sè sílẹ̀ ni ilé mi ń jẹ, tàbí búrẹ́dì àti ẹyin, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ ra aago kékeré tó ń dún, èyí tí wọ́n fi ń dáná. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó ń jẹ́ Francesco Cirillo ló sọ ọ́ di irinṣẹ́ àwa tí iṣẹ́ wa ń fẹ́ ìjókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwé kíkà kò wọ̀ ọ́ lára, ó bá mú aago ìdáná tí wọ́n ṣe bíi tòmátì, ó ń fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀: 25 ìṣẹ́jú iṣẹ́, 5 ìṣẹ́jú ìsinmi, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin kó sinmi pẹ́ díẹ̀. Èmi kàn dá aago náà padà sí ilé ìdáná ni. Mo ń kọ fún 25 ìṣẹ́jú, ó dún, mo dìde lọ yí ẹran, mo bu omi mu, mo padà. Àmọ́ àpò mi ni aago náà ń wà, kì í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, torí ẹni tó wà nínú ìran kì í gbọ́ ohun tó ń dún ní yàrá kejì. Ẹ má sì tan ara yín pẹ̀lú ìrẹsì funfun. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ló fi ń jiná. Ẹ̀ẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ohùn akọni yín ni, aago á ti dún. Ẹ fi 20 ìṣẹ́jú yẹn fọ abọ́.

Ohun kan wà tí mi ò fi ṣeré: epo. Ẹni tó ń kọ̀wé kò gbọdọ̀ fi epo sílẹ̀ lórí iná, àní kó jẹ́ gbólóhùn kan péré ló fẹ́ lọ kọ. Tó bá gbaná, ẹ pa sítóòfù, ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ má da omi sí i, ẹ má sì gbé e rìn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín náà.

Ní ti oúnjẹ tí a sè sílẹ̀: òun ló gbà mí là, àmọ́ ó ní òfin tirẹ̀, òǹkọ̀wé ló sì máa ń gbàgbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jù, torí ó ti lè gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀ kó lọ bá orí kẹsàn-án títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí oúnjẹ tó ti jiná má jókòó níta ju wákàtí méjì lọ. Ẹ má gbé odidi ìkòkò gbígbóná sínú fíríìjì. Ẹ pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tètè tutù. Kí fíríìjì má gbóná ju ìwọ̀n 4 ti Celsius lọ, kí fírísà wà ní 18 sísàlẹ̀ òdo. Ohun tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì, ẹ dà á nù, ẹ má fi imú dán an wò. Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus tí irúgbìn rẹ̀ máa ń la iná já. Tí ìrẹsì bá jókòó nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, á hù, á tu májèlé sínú rẹ̀, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò sì ní mú májèlé náà kúrò. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín náà ń fẹ́ ìfura: ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ó kéré tán wákàtí márùn-ún, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ sì sè é nínú omi tuntun tó ń hó dáadáa fún 30 ìṣẹ́jú. Ìkòkò iná mànàmáná tó ń sè jẹ́jẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kì í gbóná tó láti pa májèlé inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkòkò yẹn wu ẹni tó ń kọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ sè é lórí iná gidi ná.

Ó wá ku ti oúnjẹ rírà. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ kúkúrú máa ń tó nǹkan bí 50,000 ọ̀rọ̀. Ẹ ti dé ìdajì, ó ku 25,000. Tí ẹ bá ń kọ 500 ọ̀rọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni. Tó bá jẹ́ 300, ó sún mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Ẹ wo owó oúnjẹ rírà fún odindi ilé láàárín ìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé owó ìwé kì í wọlé bí ebi ṣe ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń san owó òǹkọ̀wé. Ẹ tilẹ̀ fúnra yín gbé e sórí Amazon, nǹkan bí 60 ọjọ́ lẹ́yìn ìparí oṣù tí ẹ ta ìwé ni owó ń jáde. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà tó bá ra oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ìwé, èmi náà ń rà á nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mi ò gbà.

Kí ẹ sì tó fi ilé ìdáná sílẹ̀ pátápátá, ẹ ro ohun tó ń ṣe fún ìwé yín. Níbo ni ẹ tún ti fẹ́ rí ibi tí èèyàn méjì ti ń kọ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ooru ń mú wọn, tí ọwọ́ wọn dí, tí wọn ò sì lè sá fún ara wọn? Ẹni tó dìde fọ ìkòkò tó jóná láìjẹ́ pé wọ́n rán an, òǹkàwé ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó máa sunkún nídìí àlùbọ́sà kí olólùfẹ́ rẹ̀ lè rò pé ẹkún ìfẹ́ ni. A ti kọ ọ́ títí ó ti su wá. Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo obìnrin inú ìtàn yín mọ oúnjẹ sè. Ẹ̀yin fúnra yín mọ bó ṣe ń rẹni tó.

Ẹ bá àwọn ará ilé ṣe àdéhùn, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ẹnu ketekete. Iṣẹ́ wa yìí, torí pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, wọ́n rò pé eré ni. Ìbátan mi kan máa ń wọlé lé mi lórí kọ̀ǹpútà, á ní “ṣé o kàn ń kọ ìtàn rẹ ni?” kó tó rán mi níṣẹ́. Tí ilẹ̀kùn bá ti tì, títì ló tì. Ọmọ tó ti lè fọ abọ́ lè fọ ìrẹsì. Ọkọ yín lè yí ẹran.

Ti pé kó máa ka orí kọ̀ọ̀kan: èmi kì í fi han ìyàwó mi títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ á fi parí látòkè délẹ̀. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú yín á máa wá ara rẹ̀ nínú ìwé náà, tó bá sì rí ọkùnrin tí kì í gbé abọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ìjíròrò míì á bẹ̀rẹ̀, orí kẹwàá á sì dúró síbẹ̀. Tó bá pọndandan pé kó kà á kí ẹ tó parí, ẹ jẹ́ kó jẹun ná.