Ṣé mo lè gba ọmọ ọdún 13 síṣẹ́ nígbà ọlidé?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí, mo sì ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Obìnrin kan bẹ̀ mí kí ọmọ òun, ọmọ ọdún 13, máa wá bá mi ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé kó lè rówó ra ìwé. Ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fọwọ́ sí i. Ṣé òfin gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ọmọ náà tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kọ kò tán ọ̀rọ̀. Ohun tí òfin bá kọ̀, òbí ò lè bọwọ́ lùwé kó di ohun tó gbà.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, tiyín lẹ ó sì tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àdéhùn 138 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 1973 ni ọ̀pọ̀ wọn gbé ẹsẹ̀ lé. Ó ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 15, tàbí tí kò tíì kọjá ọjọ́ orí tí ilé-ìwé jẹ́ dandan, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ibi tí ọrọ̀ ajé kò bá tíì gbérí lè fi í sí 14.

Àyè tó kàn yín wà níbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè lè gba iṣẹ́ fúyẹ́ láyè láti ọdún 13, bí kò bá ní pa ọmọ lára, tí kò sì ní dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kó máa ṣa bọ́tìnnì sínú agolo, kó máa ká aṣọ, kó máa kọ orúkọ oníbàárà mọ́ ọn: mo lè pe ìyẹn ní iṣẹ́ fúyẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀rọ oníná tàbí áyọ́ọ̀nù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kì í mọ̀ pé ìka ọmọdé ló wà lábẹ́ òun. Iṣẹ́ eléwu, ó di ọdún 18.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú pè é ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ìjọba là sílẹ̀ ni àdéhùn náà yọ sílẹ̀, ọdún 14 ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ẹ béèrè iṣẹ́ àti iye wákàtí tí wọ́n gbà fún ọmọ ọdún 13. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú ìwé òṣìṣẹ́ yín. Àdéhùn náà béèrè èyí fún gbogbo ẹni tí kò tíì pé 18. Bí wọ́n bá ní kò sáyè, ẹ má gbà á síṣẹ́. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ bá ìyá rẹ̀ dá sí owó ìwé náà.