Ṣé míṣọ́nnárì ló ni báàtì yìí lóòótọ́?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ti ki orí bọ kíríkẹ́ẹ̀tì. Mo rí báàtì àlòkù kan, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, lórí Facebook, ₦65,000. Ẹni tó ń tà á ní míṣọ́nnárì ló gbé e wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1962, pé igi wílò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n kọ Gray-Nicolls, orúkọ iléeṣẹ́ tó ń ṣe báàtì, sí i lára, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jin wọnú bí ọpọ́n. Ṣé kí n sanwó? (Bàbá ọmọ, Mọ̀pà)

Ìdáhùn: Okun o, bàbá ọmọ. Ẹ̀yìn tó jin yẹn ló tú àṣírí. Ọdún 1974 ni Gray-Nicolls gbé Scoop jáde, báàtì tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò láàárín. Báwo ló ṣe wá dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1962? Lóòótọ́, àwọn oyinbo míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) ti wà níbẹ̀ láti 1908, ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà dùn létí nìyẹn. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó ń tà á náà nìyẹn. Àmọ́ ẹ má ra ìtàn.

Ẹ má gba sítíkà gbọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, ó sì ṣe é lẹ̀ mọ́ báàtì tí wọ́n gbẹ́ ní Meerut ní Íńdíà tàbí Sialkot ní Pakistan. (Àwọn ìlú méjèèjì mọ báàtì í gbẹ́ o, irọ́ orúkọ ni mò ń bá jà.) Báàtì àtijọ́ sábà máa ń ní òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wọnú igi. Kí ẹni tó ń tà á ya ìyẹn sí fọ́tò fún yín.

Kó tún ya ojú báàtì, ibi tó ń gbá bọ́ọ̀lù, nínú oòrùn, láìsí ike lórí rẹ̀. Wílò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń funfun díẹ̀, ìlà rẹ̀ á gún láti òkè dé ìdí, ẹ ó lè kà wọ́n: ìlà kan, ọdún kan tí igi fi dàgbà. Wílò ti Kashmir, ní apá Íńdíà, pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó wúwo jù, ìlà rẹ̀ kì í hàn dáadáa.

Ọwọ́ báàtì, ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, ni èmi máa ń yẹ̀ wò jù. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ti Sarawak ní Malaysia lókìkí. (Níbẹ̀ náà ni àwọn ọmọbìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn kò tó 19 ti fi rọ́ọ̀nù 2 na New Zealand ní oṣù kìíní 2025!) Kí ẹni náà fi ìdí báàtì gúnlẹ̀, kó tẹ ọwọ́ báàtì náà síwá sẹ́yìn, kó ká a sí fídíò. Bó bá ń dún kẹ̀ẹ̀, gọ́ọ̀mù ibi tí ọwọ́ ti wọ inú igi ti ń tú. Etí tó là díẹ̀, mo lè fi gọ́ọ̀mù dì í; ojú tó là já ní ìbú, ẹ fi í sílẹ̀.

Bó bá ti pẹ́ lórí àjà, ọyẹ́ ilẹ̀ wa á ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Òróró linseed díẹ̀ ni kí ẹ fi ra ojú rẹ̀, kó má kan ibi tí ọwọ́ ti wọlé. Àdín àti òróró ìsebẹ̀ kì í gbẹ, ẹ má dán an wò.

Àmọ́ báàtì àgbà wúwo jù fún ọmọ ọdún 12. Báàtì tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 5 tàbí 6 ló bá a mu. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àgbà, ẹ dá owó yín padà sápò.