Èsì: Láti bearing àti gígùn ìlà dé kọ́dínéètì

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ pé láti igun ilẹ̀ A (N 1000.000, E 500.000; N ni ipò rẹ̀ sí àríwá, E ni ipò rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ní mítà), pẹ̀lú bearing (igun tó ń fi ibi tí ìlà kọjú sí hàn) 125°30′ àti gígùn mítà 84.20, ẹ rí B ní N 1068.549, E 451.105, kò sì bá pláànù mu. Sine àti cosine lẹ gbé sípò ara wọn. Bearing kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún bí igun inú ìwé ìṣirò. Àríwá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń yí bí ọwọ́ aago. Cosine ló ni ìyàtọ̀ N, sine ló ni ìyàtọ̀ E:

84.20 × cos 125.5° = −48.895
84.20 × sin 125.5° = +68.549

Ẹ ro wọ́n mọ́ ti A, B wá di N 951.105, E 568.549. Ẹ má fọwọ́ ara yín yan àmì (+ tàbí −); kálíkúlétọ̀ á gbé e wá. Kẹ́ ẹ tó ṣírò rárá, ẹ fa ìlà náà sórí bébà: 125° kọjú sí gúúsù àti ìlà-oòrùn, B tiyín sì lọ jókòó sí àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn nìkan tó ohun tá a fi ń fura.

Ìṣẹ́jú 30 (30′) jẹ́ ìdajì dígírì: 125.5 ni, kì í ṣe 125.30. Àṣìṣe yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n á sún B kúrò láyè rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29. Excel ní tiẹ̀, radian (ìwọ̀n igun mìíràn, kì í ṣe dígírì) ló gbọ́: COS(RADIANS(125.5)).

Tẹ́ ẹ bá yí ilẹ̀ náà po padà dé A, àròpọ̀ gbogbo ìyàtọ̀ N gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo, ti E náà bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, ẹ pín in fún ìlà kọ̀ọ̀kan bí gígùn rẹ̀ ṣe tó. Bó bá tó odidi mítà, ẹ má pín in o. Ẹ wá ìlà tẹ́ ẹ kà ṣì.