Fóònù ò rí kọ̀ǹpútà ìsọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi C# (èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà) kọ ètò kan tó ń ṣọ́ iye aṣọ tó kù ní ìsọ̀ ìyá mi ní Gbági, n'Ìbàdàn. Mo ki web service (apá tó ń dá ẹ̀rọ mìíràn lóhùn lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) bọ inú ètò náà, kí àwọn ọmọ ìsọ̀ lè máa fi fóònù wo iye owó. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí. Lórí fóònù, kò ṣí. Ètò náà tún máa ń gan, kò ní gbọ́ títẹ̀ títí ẹnìkan á fi béèrè nǹkan. Ṣé kí n lọ háyà server (kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Fi owó yẹn ra bátìrì inverter.

Wo ibi tí o kọ àdírẹ́sì sí. Ó dá mi lójú pé http://localhost:8080/ ló wà níbẹ̀. Localhost ni kọ̀ǹpútà tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ará ìta ò lè dá sí i. Bó bá jẹ́ HttpListener, irinṣẹ́ C# tó ń gba ìpè, lo lò, sọ ọ́ di http://+:8080/; àmì + ni pé kó gba ìpè tó bá gba àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yòówù wọlé. Windows á ní "Access is denied", nítorí ẹni tí kì í ṣe administrator (ọ̀gá kọ̀ǹpútà) ò láṣẹ irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ṣí Command Prompt bí administrator, tẹ èyí lẹ́ẹ̀kan péré:

netsh http add urlacl url=http://+:8080/ user=Everyone

Àwọn kan á ní kí o kúkú máa ṣí ètò náà bí administrator lójoojúmọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ìsọ̀ tó wá ta àǹkárá, kí ló fẹ́ fi irú agbára yẹn ṣe?

Ó ku firewall, ẹ̀ṣọ́ Windows tó ń dí ìpè láti ìta. Mo fi odidi ọ̀sán kan ṣòfò níbẹ̀ rí: mo ti fún ètò mi láyè, síbẹ̀ fóònù ò wọlé. Àṣé HTTP.sys, tó jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, ló ń gba ìpè kó tó fà á lé ètò lọ́wọ́. Port 8080 (ẹnu ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú àdírẹ́sì) gan-an ni kí o ṣí nínú firewall, fún Private network (nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ìsọ̀ yín) nìkan. Lórí fóònù, IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) kọ̀ǹpútà ni wọ́n á tẹ̀, bí http://192.168.1.20:8080/. So IP náà mọ́ kọ̀ǹpútà nínú router, torí bí iná bá lọ tó dé, ó lè yí padà.

Ti gíganlẹ̀ yẹn, GetContext, àṣẹ HttpListener, ló ń dúró de ìpè lórí thread (okùn iṣẹ́) tó ń darí ojú ètò. Gbé e sínú Task.Run, kó lọ dúró lórí thread mìíràn; bí ìdáhùn bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú ètò, kó gba Invoke kọjá, èyí tó ń dá iṣẹ́ padà sórí thread ojú ètò.

Bí ọmọ kan bá sì tẹ X, service kú nìyẹn. Jẹ́ kí X kàn fi ètò pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀.